Pingu, Ẹyẹ Amọ̀ tí Kò Ní Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo ń wo ẹyẹ amọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pingu lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Pingu kò tilẹ̀ sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde tí a lè rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan ní ayé. Síbẹ̀, ọmọ kékeré tí ó bá ń wò ó mọ ìgbà tí ó ń bẹ̀bẹ̀, ó mọ ìgbà tí ó ń ṣe àgàbàgebè, ó sì mọ ìgbà tí ó ń sunkún àbámọ̀. Báwo ni èyí ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè náà kan àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé èdè tiwa gan-an, orí ohùn ni ó dúró lé.

Otmar Gutmann ni ẹni tí ó dá Pingu sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Switzerland. Ó ṣe fíìmù àpẹẹrẹ rẹ̀ ní ọdún 1986, nígbà tí ó sì di ọdún 1990, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó nínú ilé wọn. Ọmọ ẹyẹ pẹ́ńgúìnì ni Pingu, ẹyẹ dúdú aláyà funfun, tí ń gbé nínú ilé yìnyín ní ìpẹ̀kun ayé níhà gúúsù. Bàbá rẹ̀ a máa pín lẹ́tà kiri. Ìyá rẹ̀ a máa tọ́jú ilé. Nínú àwọn ìtàn ìṣáájú ni ẹyin kan pa tí àbúrò rẹ̀ obìnrin, Pinga, jáde. Ó tún ní ọ̀rẹ́ kan tí ń jẹ́ Robby, ẹranko òkun tí àwọn Òyìnbó ń pè ní síìlì. Ìwà ọmọdé ni gbogbo ìtàn náà dá lé: owú jíjẹ, eré àṣejù, ìjà àti ìparí ìjà.

Gutmann kú ní ọdún 1993, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ṣe é títí di ọdún 2000. Ní ọdún 2001 ilé iṣẹ́ HIT Entertainment ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rà á, wọ́n sì tún gbé àwọn ìtàn tuntun jáde láti 2003 títí dé 2006. Bí a bá ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lé ní 150 ìtàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ní ọdún 2017 ẹ̀wẹ̀, àwọn ará Japan ṣe irú tiwọn. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe é, wọn kò lo amọ̀ mọ́.

Amọ̀ tí à ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí àwọn amọ̀kòkò wa ń wà ní ẹ̀bá odò. Epo ni a fi pò ó, nítorí náà kì í gbẹ, a kì í sì í sun ún nínú iná. Ìgbàkígbà ni a lè tún un mọ. Ẹni tí ń ṣe fíìmù náà yóò gbé ẹyẹ kalẹ̀ níwájú kámẹ́rà, yóò sì ya àwòrán rẹ̀. Yóò fi ìka gbé apá rẹ̀ sókè díẹ̀ kíún, yóò tún ya òmíràn. Nígbà tí a bá wá ń fi àwọn àwòrán náà hàn tẹ̀lé ara wọn kíákíá, nǹkan bí 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú kò ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́, ènìyàn yóò sì rò pé ẹyẹ náà ń rìn fúnra rẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ jẹ́ kí ìdúró kan tó fún àwòrán méjì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ náà ti máa ń ṣe, ìdúró bí 12 ni ìṣẹ́jú àáyá kan yóò gbà. Ìtàn oníṣẹ́jú márùn-ún, tí í ṣe 300 ìṣẹ́jú àáyá, yóò gba nǹkan bí 3,600. Ẹni tí kò ní sùúrù kò lè ṣe é.

Sùúrù yìí ni ó fún amọ̀ ní ẹnu. Bí inú bá bí Pingu, tàbí bí ó bá fẹ́ kí a wo òun, àgógó rẹ̀ a nà síwájú, a fẹ̀ bí ẹnu kàkàkí, a sì ké pé, “Nùùt! Nùùt!” Ẹyẹ eléegun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, amọ̀ nìkan ni ó lè na ẹnu rẹ̀ tó bí ìbínú rẹ̀ ti tó.

Ta wá ni ó ni ohùn tí ń jáde láti ẹnu amọ̀ yìí? Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 2000, ará Ítálì kan, Carlo Bonomi, ni ó ń sọ̀rọ̀ fún bàbá, fún ìyá, fún ọmọ àti fún ọ̀rẹ́. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé òun kan náà ni ó ti sọ̀rọ̀ fún La Linea, ọkùnrin aláìfọhùn-ènìyàn tí Osvaldo Cavandoli fi ìlà kan ṣoṣo yà. Àwọn òṣèré ilẹ̀ Ítálì ń pe irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní grammelot. Ìró tí ó jọ èdè ni. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń dánu dúró, ó ń béèrè, ó ń dáhùn, ṣùgbọ́n bí a bá tú u wò, a kò ní bá ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Dario Fo, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní ọdún 1997, lo irú rẹ̀ lórí ìtàgé nínú eré Mistero buffo láti ọdún 1969. Nígbà tí Pingu bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òṣèré méjì, Marcello Magni àti David Sant, ni ó gba iṣẹ́ Bonomi ṣe. Bonomi àti Magni jọ di ẹni àná ní ọdún 2022.

Ẹ rántí pé èdè mẹ́rin ni orílẹ̀-èdè Switzerland fi ọwọ́ sí: èdè Jámánì, èdè Faransé, èdè Ítálì àti èdè Romansh. Fíìmù tí kò sọ ọ̀kankan nínú wọn kò sọ ẹnikẹ́ni di àlejò.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn kan. Pingu ṣe ìpáǹle nínú ilé, wọ́n bá a wí, inú bí i, ó sì fi ilé sílẹ̀. Ilẹ̀ ṣú. Òkìtì yìnyín tí kò dẹ́rù bà á lọ́sàn-án wá dà bí iwin lójú rẹ̀ lóru. Àwọn òbí rẹ̀ jáde láti wá a. Ohùn wọn tí a gbọ́ lákọ̀ọ́kọ́ nígbà ìbáwí le, ó sì yára. Èyí tí a gbọ́ nínú òkùnkùn gùn, ó sì ń gbọ̀n. Kò sí ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún wa kí á tó mọ̀ pé ẹni tí ó bínú lẹ́ẹ̀kan ti ń bẹ̀rù báyìí.

Bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń ṣe. Ṣùgbọ́n kí a má ṣi ohùn yìí mú fún ohùn èdè Yorùbá. Lọ́dọ̀ tiwa, ohùn kì í ṣe aṣọ tí a dà bo ọ̀rọ̀. Ara ọ̀rọ̀ ni. Ọkọ kì í ṣe ọkọ́, ọkọ́ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ̀ kò sì jẹ́ jẹ́ ọ̀kọ̀. Nítorí èyí ni ìlù dùndún fi lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àyàn pàápàá mọ̀ pé ohùn nìkan kò tó. Bí ó bá lu re-mí, ọkọ́ ni ó wí ni, àbí ilé, àbí owó, àbí iṣẹ́? Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀. Nítorí náà ni onílù kì í fi í sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. A fà á gùn, a fi oríkì tàbí òwe dì í, títí tí ìtumọ̀ rẹ̀ yóò fi hàn. Ohun tí gbólóhùn gígùn ń ṣe fún àyàn ni ìṣẹ̀lẹ̀ ojú ìtàgé ń ṣe fún Pingu. Bí a bá di ojú wa tí a fi etí nìkan gbọ́ ọ, a ó mọ̀ pé inú ń bí i, ṣùgbọ́n a kò ní mọ ohun tí ó bí i nínú. Kò lè sọ ti àná, kò lè sọ ti ọ̀la, kò sì lè dárúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni; ẹni tí ń wò ó ni yóò sọ ọ́ di odindi.

Èdè wo ni ọmọ tiwa yóò fi sọ ọ́ di odindi? Ọ̀rọ̀ dé ibi tí ó ti kan olùkọ́ àti òbí nìyí. Ọ̀pọ̀ fíìmù ọmọdé tí ń wọ ilé wa, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá wọlé, ọmọ a sì fi í rẹ́rìn-ín, a fi í bínú, kí ó tó mọ bí a ti ń fi èdè ìyá rẹ̀ ṣe é. Ẹyẹ amọ̀ yìí kò gbé èdè kankan lọ́wọ́ wá. Ó fi àyè sílẹ̀.

Kí olùkọ́ fi ìtàn kan hàn lẹ́ẹ̀mejì. Ní àkọ́kọ́, kí àwọn ọmọ wò ó, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, kí ọmọ kan máa sọ Yorùbá fún Pingu, kí òmíràn máa sọ fún ìyá rẹ̀. Kíá ni ìṣòro yóò yọjú, nítorí pé “o” àti “ẹ” kò sí nínú ohùn amọ̀. Ọmọ ni yóò fi wọ́n sí i. Bí ó bá mú kí Pingu wí fún ìyá rẹ̀ pé, “Má bínú,” àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò pariwo lé e lórí, yóò tún un ṣe pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú.” Ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré, olùkọ́ yóò mọ èyí tí ó ń sọ Yorùbá nínú wọn àti èyí tí ó kàn ń gbọ́ ọ lásán. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ti ìkẹyìn yìí lóde òní, ìdánwò orí ìwé kì í sì í sábà fi wọ́n hàn.

Ẹyin lohùn, ni àwọn àgbà wí. Gutmann mọ amọ̀, Bonomi fi ohùn sí i, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ń wò ó. Bí ọmọ wa bá jókòó tì í tí kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan fi sí i lẹ́nu, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹyẹ.