Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú: Bí rédíò ọkọ̀ méjì ṣe ń di rìpítà

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án, ọdún 2017, ìjì líle Maria ya wọ erékùṣù Puerto Rico. Iná lọ jákèjádò, ó sì lé ní 90 nínú 100 òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dákẹ́. Ìyá ń wá ọmọ, ọmọ ń wá ìyá, fóònù ọwọ́ wá di ohun tí wọ́n kàn fi ń tan iná. Ìgbà yẹn ni Red Cross ti Amẹ́ríkà ní kí ARRL, ẹgbẹ́ àwọn onírédíò tí òyìnbó ń pè ní 'ham', wá 50 èèyàn fún àwọn. 22 ló lọ.

Àwọn 'ham' yìí gba ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe nítorí owó. Ṣùgbọ́n wọkitọkí wáàtì 5 kì í ríran jìnnà. Òkè kan ṣoṣo ti tó láti dí i lọ́nà. Ẹni tó bá ti gun àpáta wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí mọ bó ṣe ń rí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé rìpítà sórí òkè, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn tó rẹlẹ̀, tó sì ń fi agbára tún un sọ lójú ẹsẹ̀.

Owó tuntun rẹ̀ kì í ṣe kékeré, nítorí náà ọ̀pọ̀ wọn ló ń fi rédíò ọkọ̀ àlòkù méjì ṣe tiwọn. Motorola GM300, tí àwọn ilé iṣẹ́ lò gan-an láwọn ọdún 1990, wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ràn, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ojú ihò tí wáyà lè gbà wọlé. Ọ̀kan á máa gbọ́, bóyá lórí 146.34 MHz, èkejì á máa sọ ọ́ jáde lórí 146.94. Wáyà kan ń gbé ohùn kọjá, òmíràn ń sọ fún èkejì pé ẹnì kan ti ń sọ̀rọ̀, kó tan ara rẹ̀. Àpótí kékeré tó wà láàárín wọn ló ń dá aláròyé dúró lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Wọ́n rò pé iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Rárá o! Ohùn tí rédíò àkọ́kọ́ ń dẹtí sí kò tó ìdá kan nínú bílíọ̀nù wáàtì kan, bẹ́ẹ̀ sì ni aládùúgbò rẹ̀ ń fi wáàtì 25 pariwo sí i létí. Etí á di. Ohùn tó ń bọ̀ á já, èkejì á kú, etí á tún là, èkejì á tún tàn, ẹ̀rọ náà á wá máa wúkọ́ bí arúgbó.

Dúpílẹ́sà ni oògùn rẹ̀: àwọn agolo gígùn onírin bàbà tàbí alumíníọ̀mù, tí wọ́n yí kọ̀ọ̀kan débi tó fi ń dínà mọ́ ìkànnì kan, tó sì ń jẹ́ kí èkejì kọjá. Ojú lásán kò lè ṣe é, ó ń fẹ́ ẹ̀rọ ìdíwọ̀n àti sùúrù. Ẹni tí kò ní i ń lo áńtẹ́nà méjì lórí òpó kan, ọ̀kan lókè pátápátá, ọ̀kan nísàlẹ̀.

Ooru tún wà ńbẹ̀. Wọn kò ṣe rédíò ọkọ̀ fún wákàtí kan gbáko lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ọlọ́gbọ́n á dín agbára rẹ̀ kù, á gbé fáànù tì í. Àwọn tó fẹ́ràn ariwo ló ń yí i sókè, àmọ́ kí ni èrè kí gbogbo ìlú gbọ́ rìpítà tí kò gbọ́ ẹnì kankan? Bátìrì ọkọ̀ ni rédíò méjèèjì ń lò, wọ́n sì lè fi páànẹ́lì oòrùn gbà á lójú.