Tírélà fún Ẹṣin Ńlá

Ìtàn ẹṣin kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 1836, ọlọ́lá kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lord George Bentinck. Ó ní ẹṣin eré ìje kan tí wọ́n ń pè ní Elis. Eré ìje ńlá kan, St Leger, ń bọ̀ ní ìlú Doncaster ní ìhà àríwá, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ eré kù sí dẹ̀dẹ̀, Elis ṣì wà ní Goodwood ní ìhà gúúsù, ibẹ̀ sí Doncaster sì ju 200 máìlì lọ. Láyé ìgbà náà, ẹsẹ̀ ni ẹṣin fi ń rìn lọ sí ibi tí yóò ti sáré, ìrìn bẹ́ẹ̀ a sì máa gbà ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Àwọn tí ń gba owó tẹ́tẹ́ wò ó, wọ́n ní Elis kò lè dé mọ́. Wọn kò mọ̀ pé Bentinck ti ní kí wọ́n kan ọkọ̀ onípákó kan sílẹ̀, tí àwọn ẹṣin mìíràn yóò máa fà, tí Elis yóò sì dúró sínú rẹ̀ bí ọba. Elis dé láàárín ọjọ́ díẹ̀, ara rẹ̀ le koko, ó sáré, ó sì gba ipò kìíní. Owó gọbọi ni ọ̀gá rẹ̀ kó lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin gba iṣẹ́ gbígbé ẹṣin, mọ́tò sì gbà á lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú irin. Lónìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú àwọn tí ó ní ẹṣin kan tàbí méjì ni ó ń lo tírélà ẹṣin. Kì í ṣe tírélà gìrìwò tí ń kó sìmẹ́ǹtì lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni mo ń wí o. Bíi yàrá kékeré kan ni èyí rí, ó ní táyà lábẹ́, kò ní ẹ́ńjìnnì, ìdí mọ́tò ni a ń so ó mọ́. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ a máa dà sílẹ̀ bí afárá, kí ẹṣin lè gba orí rẹ̀ gòkè wọlé.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ojú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ra tírélà. Wọ́n rí i pé ó ń dán, wọ́n gbọ́ pé ti ẹṣin méjì ni, wọ́n sanwó. Ṣùgbọ́n ẹṣin ju ẹṣin lọ. Tírélà kan náà lè gba ẹṣin kékeré méjì pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kí ó sì di àpótí ìyà fún ẹṣin ńlá kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí à ń pè ní ẹṣin ńlá. Àwọn Òyìnbó ní ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń wọn gíga ẹṣin, wọ́n ń pè é ní ọwọ́. Ìbú ọwọ́ àgbàlagbà ni wọ́n fi dá a sílẹ̀, wọ́n sì ti fi í sí ínṣì 4 géérégé. Kì í ṣe orí ẹṣin ni wọ́n ń wọn dé, nítorí orí a máa lọ sókè, a máa lọ sódò. Ibi gíga èjìká ni, níbi tí gọ̀gọ̀ ọrùn rẹ̀ parí sí níwájú gàárì. Àwọn ẹṣin tí ń ti òkè ọya wá sọ́dọ̀ wa, irú èyí tí àwọn ẹbí Balógun ń gùn wá sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, sábà máa ń tó nǹkan bí ọwọ́ 14 tàbí 15. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní Shire, tí wọ́n fi ń túlẹ̀ tí wọ́n sì fi ń fa ẹrù láyé àtijọ́. Akọ rẹ̀ a máa tó ọwọ́ 17 tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyíinì ni sẹ̀ǹtímítà 173 ní èjìká nìkan, ó sì lè wọn tó kìlógíráàmù 1,000. Ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ẹṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní Big Jake, tí ó kú ní ọdún 2021. Sẹ̀ǹtímítà 210 ni ó ga. Bí ọkùnrin tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 bá dúró tì í, èjìká ẹṣin náà yóò ga ju àtàrí ọkùnrin náà lọ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ni kí á kọ́kọ́ mú, nítorí òun ni ó lè pa ẹṣin àti awakọ̀ pọ̀. Kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn ní òṣùwọ̀n tí ẹṣin lè dúró lé nílé, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ìṣirò wà. Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ mú pẹ́ńsùlù yín. Ẹ fi okùn ìwọ̀n yí àyà ẹṣin ká, lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 210. Ẹ wọn gígùn ara rẹ̀ láti ṣóńṣó èjìká dé ṣóńṣó ìdí; ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ 180. Ẹ fi 210 sọ 210 di púpọ̀, ẹ ó rí 44,100. Ẹ fi 180 sọ èyíinì náà di púpọ̀, ó di 7,938,000. Ẹ wá fi 11,877 pín in. Ẹ ó rí 668 àti díẹ̀ lé: ìwọ̀n ẹṣin náà ní kìlógíráàmù nìyẹn, bí kò tilẹ̀ lè pé pérépéré. Ẹ jẹ́ kí á kà á sí 700, kí á má bàa rẹ́ ara wa jẹ.

Irin pẹlẹbẹ kan wà lára tírélà tí wọ́n kọ òpin ìwúwo rẹ̀ sí, tírélà àti ẹrù inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ jẹ́ kí á mú ọ̀kan tí òpin rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 2,700, tí òun fúnra rẹ̀ sì wọn 1,000 nígbà tí ó ṣófo. Ohun tí ó kù fún ẹrù ni 1,700. Ẹṣin méjì bí irú èyí tí a wọ̀n lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 1,400. Ẹ fi 100 sí i fún kóríko, omi àti gàárì. Ó gbà wọ́n. Ẹ wá mú Shire méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 1,000. Wọ́n ti fi 300 ré òpin kọjá kí á tó ju ìdì kóríko kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ 'ẹṣin méjì' ni ẹni tí ń tà á wí, kò sì purọ́.

Mọ́tò tí yóò fà á náà ńkọ́? Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀ mọ́tò lásán lè fa tírélà tí ó tó kìlógíráàmù 3,500 láìtún ṣe ìdánwò mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin gbà, mọ́tò yín lè má gbà á. Àwọn tí ó ṣe mọ́tò ti kọ iye tí ó lè fà sínú ìwé rẹ̀, iye yẹn ni kí á sì tẹ̀ lé. Àwọn ènìyàn a máa wí pé, "Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára." Fífà kọ́ ni iṣẹ́; dídúró ni. Bí a bá so màlúù mọ́ ewúrẹ́, màlúù ni yóò máa darí ìrìn, pàápàá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Nítorí náà tírélà fún ẹṣin ńlá gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀, mọ́tò tí ń fà á sì gbọ́dọ̀ wúwo tó láti káwọ́ rẹ̀.

Ibi tí tírélà ti so mọ́ mọ́tò pàápàá ní láti ru díẹ̀ nínú ẹrù náà. Bí ó bá fúyẹ́ jù níbẹ̀, ìdí tírélà yóò máa jù sọ́tùn-ún sósì bí ìrù ẹja. Bí ó bá wúwo jù, yóò gbé iwájú mọ́tò nílẹ̀, sitiarín yóò sì fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ẹṣin kan ṣoṣo ni a gbé sínú tírélà ẹṣin méjì, apá wo ni kí ó dúró? Ojú títì a máa ga láàárín, a sì máa rẹ̀ sílẹ̀ létí. Apá tí ó kọjú sí àárín títì ni ẹṣin náà yóò wà, kí ẹrù má bàa fa tírélà lọ sínú gọ́tà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ lápá òsì, ọ̀tún ni ẹṣin yóò dúró. Lọ́dọ̀ tiwa, òsì ni, nítorí láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti kó lọ sí apá ọ̀tún.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á wọ inú tírélà náà lọ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dúró nínú mọ́lúè rí ní Èkó mọ ohun tí ojú ẹṣin ń rí. Awakọ̀ tẹ bíréèkì, ẹ fò síwájú. Ó ṣẹ́ kọ́nà, ẹ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn ní ọwọ́ tí yóò fi di irin mú, ẹṣin kò ní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń yà, ọrùn rẹ̀ ni ó sì ń nà síwá sẹ́yìn láti fi dúró déédéé. Bí ó bá ti ń dúró jẹ́ẹ́ lásán, nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ ni ó wà lórí ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì. Ní ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ó tún ń pọ̀ sí i. Nígbà náà ni ó máa ń fi àyà ti ọ̀pá tí ó dábùú iwájú rẹ̀. Bí ọ̀pá yìí bá wà ní ìwọ̀n ẹṣin kékeré, yóò kéré fún ẹṣin ńlá, ara rẹ̀ lè ré kọjá lórí rẹ̀, àjálù ni ìyẹn. Kí ẹ ra èyí tí a lè gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè kí a sì sún un síwájú.

Pátákó tí ó pín ẹṣin méjì níyà náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ní inú àwọn tírélà kan, ó kanlẹ̀ gbọnrangandan. Ẹṣin ńlá kò ráyè ya ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí a bá ṣẹ́ kọ́nà, ẹ̀rù á bà á, á bẹ̀rẹ̀ sí fi pátákò gun ògiri, á máa jà bí ẹni tí omi ń gbé lọ. Olówó rẹ̀ a ní aláìgbọràn ni, a nà án. Ẹ sún pátákó yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ẹ yọ ọ́ pátápátá bí ẹṣin bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ ó rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà ẹṣin "aláìgbọràn" náà yóò fara balẹ̀.

Ní ti gíga, tírélà tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 nínú wọ́pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Fún ẹṣin tí ó tó ọwọ́ 17, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń wá èyí tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7 àti ínṣì 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹṣin tí ó bá fi orí gbá òrùlé lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé, lọ́jọ́ kejì kò ní fẹ́ wọlé mọ́. Irú tírélà kan tún wà níbẹ̀ tí ẹṣin ń dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, kí ó lè gbà ju méjì lọ. Ó dára fún ẹṣin kékeré. Ìbú tírélà ni ó ń pààlà fún gígùn ẹṣin nínú irú èyí, nítorí náà ẹṣin gígùn yóò fi imú kan ògiri kan, yóò sì fi ìdí kan èkejì. Èmi kò ní rà á fún ẹṣin ńlá.

Àyè ọrùn tún ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹṣin ní láti rẹ orí sílẹ̀ kí ikun àti eruku tó lè jáde nínú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Bí a bá so orí rẹ̀ mọ́ òkè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ẹ̀gbin náà yóò ṣàn padà sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹṣin tí ó wọ ọkọ̀ ní àlàáfíà yóò sì sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ibà àti ikọ́. Nítorí náà, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi okùn sílẹ̀ díẹ̀, ẹ sì dúró ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́rin kí ó lè mu omi kí ó sì rẹ orí.

Bí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ má wo ọ̀dà ara rẹ̀. Ẹ ká rọ́bà ilẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ fi ọ̀bẹ gún pákó abẹ́ rẹ̀. Ìtọ̀ ẹṣin a máa jẹ pákó, a sì máa jẹ páànù alumíníọ̀mù pẹ̀lú, lábẹ́ rọ́bà níbi tí ojú kò tó. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ilẹ̀ yẹn lè já lábẹ́ ẹṣin nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lọ, ẹ lè fi ọkàn yàwòrán ohun tí títì yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹ wo táyà náà pẹ̀lú. Tírélà a máa wà lójú kan fún oṣù púpọ̀, táyà rẹ̀ a ní eyín bíi tuntun, ṣùgbọ́n oòrùn ti là á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní tèmi, bí owó bá mọ níwọ̀n, n ó ra àlòkù tí ó ga tí ó sì fẹ̀, n ó fi owó tí ó kù tún ilẹ̀ àti táyà rẹ̀ ṣe, kàkà kí n ra tuntun tí ó há.

Ó ku bí ẹṣin yóò ti wọ̀ ọ́. Ihò dúdú ni tírélà jẹ́ lójú ẹṣin. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn iwájú kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, kí ẹ sì rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹṣin ń gùn kò dún gbì-gbì lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, ẹ mú ẹṣin mìíràn tí ó ti mọ̀ ọ́n wọlé ṣáájú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Nígbà tí ó bá wọlé, ọ̀pá ẹ̀yìn ìdí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi dábùú, kí ẹ tó so orí rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé, orí ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó ṣí ọ̀pá ìdí. Ẹni tí ó bá yí i padà yóò rí i: ẹṣin yóò fà sẹ́yìn láti jáde, okùn yóò dá a dúró, ìjayà yóò sì dé bá a, ẹṣin tí ó wọn kìlógíráàmù 700 yóò wá máa fi gbogbo agbára rẹ̀ jà nínú àpótí, ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò sì ní ibi tí yóò sá sí. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ dúró sí.