Táyà Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Fa Ẹrù: Ẹ Wo Iye Tó Lè Gbé

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ ra táyà, èékánná ni wọ́n fi ń wọn bí ilà ojú rẹ̀ ṣe jìn tó, wọ́n á sì béèrè iye rẹ̀. Fún píkọ́ọ̀pù tó ń gbé yín lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tó tún ń fa jẹnẹrétọ̀ ńlá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kò tó. Ẹ̀gbẹ́ táyà ni kí ẹ kà. Bí wọ́n bá kọ 265/65R17 112S síbẹ̀, 112 yẹn túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kìlò 1,120. Èyí tí wọ́n kọ 104 sí, kìlò 900 ni agbára tirẹ̀ mọ, bó ti wù kí ojú rẹ̀ dára tó.

Ìdí tí nọ́ńbà yìí fi ṣe kókó ni pé ohun tí ọkọ̀ ń fà kì í dá ìwúwo ara rẹ̀ gbé. Ìdá 10 sí 15 nínú 100 rẹ̀ ló yẹ kó tẹ ìkọ́ tó wà nídìí ọkọ̀. Bí ẹrù náà bá jẹ́ kìlò 2,000, kìlò 200 sí 300 ti bọ́ sórí táyà ẹ̀yìn kí èèyàn kankan tó wọlé jókòó. Táyà tí ẹrù pọ̀ jù lórí rẹ̀, tí atẹ́gùn rẹ̀ kò sì tó, ṣe ni yóò máa tẹ̀, tí yóò máa nà, bó ṣe ń yí. Títẹ̀ yẹn ló ń mú un gbóná, ooru náà ló sì ń ya rọ́bà kúrò lára wáyà inú rẹ̀ títí yóò fi bẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Firestone tó ń ṣe táyà kó táyà mílíọ̀nù 6.5 kúrò lójú pópó ní Amẹ́ríkà, nítorí pé rọ́bà wọn ń ya bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn tí kò tó àti ooru wà lára ohun tí wọ́n rí nídìí ọ̀rọ̀ náà, àwọn ìpínlẹ̀ tí oòrùn ti ń mú, bíi Texas àti Florida, sì wà lára ibi tó ti le jù. Oòrùn tiwa náà kì í ṣeré.

Àwọn kan á ní tòkunbọ̀ dínwó, ojú rẹ̀ sì ṣì nípọn. Òótọ́ ni pé owó tuntun ga, ṣùgbọ́n rọ́bà ń gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà DOT tó wà lára táyà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 1419 ni ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2019. Kódà ẹ yẹ èyí tí wọ́n pè ní tuntun wò, torí ó lè ti pẹ́ nínú ilé ìkẹ́rù. Bí owó kò bá tó mẹ́rin, ẹ ra méjì, kí ẹ sì fi sẹ́yìn.

Àwọn mìíràn á ní táyà alágbára máa ń le, ó sì ń gbo èèyàn nínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní kí ẹ ra èyí tó le jù lọ́jà. Ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilẹ̀kùn awakọ̀: táyà yín kò gbọdọ̀ kéré sí ohun tó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń fa ẹrù lemọ́lemọ́, ẹ ra èyí tí nọ́ńbà agbára rẹ̀ ga díẹ̀ sí i. Kí ẹ sì fi gééjì wo atẹ́gùn rẹ̀ láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà de táyà kankan mọ́ ọkọ̀ yín kí ẹ tó ka nọ́ńbà ara rẹ̀.