Bí Ẹ Bá Ń Lọ sí Santa Fe, Ẹ Bi Ẹ̀jẹ̀ Yín Léèrè

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá ránṣẹ́ pé kí ẹ wá wo ọmọ-ọmọ yín ní Santa Fe, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rò ni aṣọ tí ẹ ó wọ̀ àti gaàrí tí ẹ ó dì dání. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára yín ṣe pàtàkì ju gaàrí lọ.

Santa Fe ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ New Mexico. Láti 1610 ni àwọn ará Sípéènì ti fi í ṣe ibùjókòó ìjọba, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Pueblo ti ń gbé ilẹ̀ náà tipẹ́tipẹ́ kí wọn tó dé. Amọ̀ tí a pò mọ́ koríko, tí a sì sá sí oòrùn, ni wọ́n fi mọ àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá rántí ilé bàbá àgbà rẹ̀ ní abúlé yóò rí ohun tí ó jọ ọ́.

Ìlú náà ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bí 7,000 ẹsẹ̀ bàtà. Bí a bá sì ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá mí lẹ́ẹ̀kan ní Santa Fe, ọ́ksíjìn tí yóò wọ ẹ̀dọ̀fóró yín kò ju bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èyí tí ẹ ń mí sínú ní Èkó. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àlejò fi ń mí hẹlẹ nígbà tí ó bá gun àtẹ̀gùn ilé lásán. Orí lè máa fọ́ ọ, kí òòyì máa kọ́ ọ, kí èébì máa gbé e, kí ó má sì rí oorun sùn. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, gbogbo èyí yóò lọ láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta bí wọ́n bá sinmi. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ayọ̀ gbé yín káàkiri ní ọjọ́ tí ẹ dé. Ẹ fi ọtí àti oògùn oorun sílẹ̀ ná. Òkè tí wọ́n ti ń yọ̀ lórí yìnyín lẹ́bàá ìlú ga ju 10,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ. Kì í ṣe ibi ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí èémí ẹnì kan kò bá tó o bí ó tilẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tí ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí ó ń sọ ìsọkúsọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ó wá ku ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ SS kò gbọdọ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ó tó rí dókítà rẹ̀. Bí ọ́ksíjìn bá dín kù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a tẹ̀ bí dòjé, a sì dí ojú iṣan. Ìrora ńlá ni ó ń tẹ̀lé e. Òtútù àti òǹgbẹ a máa fa irú rẹ̀ pẹ̀lú, Santa Fe sì ní gbogbo wọn. Inú ọkọ̀ òfuurufú pàápàá, afẹ́fẹ́ lè fẹ́lẹ́ tó ti orí òkè 8,000 ẹsẹ̀ bàtà, nítorí náà dókítà lè ní kí a pèsè ọ́ksíjìn fún un lójú ọ̀nà.

Àwọn AS, tí wọ́n tó bí ẹnì kan nínú mẹ́rin láàárín àwa ará Nàìjíríà, máa ń rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ jùlọ wọn yóò lọ, wọn yóò bọ̀, láìsí ewu. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti Ryan Clark, gbajúmọ̀ nínú bọ́ọ̀lù alọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó jẹ́ AS. Ní 2007 ó gbá bọ́ọ̀lù ní Denver, ìlú tí kò tilẹ̀ ga tó Santa Fe. Àìsàn kọlù ú débi pé wọ́n yọ ọlọ inú rẹ̀ àti òróòro rẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tún lọ sí Denver ní oṣù kìíní 2012, olùkọ́ wọn kò jẹ́ kí ó gbá a. Bí AS bá dé orí òkè, tí ìhà òsì lábẹ́ egungun rẹ̀ wá ń ro ó gidigidi, kí ó má pè é ní inú rírun lásán. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “AS ni mí,” nítorí dókítà ibẹ̀ lè má rò ó kan ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, inú àpò ọwọ́ ni kí oògùn yín wà, kì í ṣe inú àpótí tí ó lè ṣìnà. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ń mú ni tọ̀ púpọ̀ ni, ẹ bi dókítà yín bí ẹ ó ti lò ó, nítorí ilẹ̀ náà gbẹ bí ìgbà ọyẹ́. Ẹ máa mu omi, ẹ fi òrí ra ètè àti ihò imú kí ẹ̀jẹ̀ má baà máa ṣẹ́ ní imú yín. Oòrùn ibẹ̀ a máa jó awọ dúdú pẹ̀lú. Síbẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ ó wá súwẹ́tà.

Ẹ̀wà kì í tètè jinná níbẹ̀, nítorí omi ń hó kí ó tó gbóná tó ti Èkó. Ẹ má bá ìyàwó ọmọ yín jà. Ìkòkò onídèérí líle tí kì í jẹ́ kí ooru jáde ni kí ẹ ní kí wọ́n rà. Ti ata kò le rárá: ní ilé oúnjẹ, wọn yóò bi yín bóyá pupa ni ẹ fẹ́ tàbí tútù.