Obìnrin tó fẹ́ dá lọ sí Yúróòpù: Ibi tówó ò ti ní í tán lápò ẹ̀, tọ́kàn ẹ̀ sì máa balẹ̀

Bí ọmọbìnrin tó ń gbowó oṣù l'Ékòó bá délé lọ́jọ́ kan tó ní òun ti tọ́jú owó, òun sì fẹ́ lọ lo ìsinmi ọdún òun ní Yúróòpù, wọ́n á kọ́kọ́ bá a yọ̀. Ìgbà tó bá ní òun nìkan lòun ń lọ lẹjọ́ máa bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi nìkan ni, Mà."

"Kò sẹ́ni tó ń dúró dè ẹ́ níbẹ̀ ni?"

Àǹtí á dá sí i, àbúrò bàbá á dá sí i, kódà ìyá onílé tọ́rọ̀ ò kàn rárá á ti ẹnu bọ̀ ọ́. Kí lobìnrin tí ò ní mọ̀lẹ́bí lọ́hùn-ún fẹ́ lọ wá nílùú òyìnbó? Ó fẹ́ lọ gbafẹ́ ni o, owó ara ẹ̀ ló sì fẹ́ ná.

Ká sòótọ́, ẹ̀rù tó ń ba àwọn àgbà yẹn ò ṣàdédé wá. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún táwọn tó ń fèèyàn ṣòwò ti ń kó ọmọbìnrin láti Nàìjíríà lọ sí Ítálì àtàwọn ibòmíì, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé ìjọba dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ lọ́dún 2003 láti gbógun tì í. Nítorí ẹ̀ lòṣìṣẹ́ ẹnubodè ṣe lè wo obìnrin Nàìjíríà tó dá nìkan dé lẹ́ẹ̀mejì, kó ní kó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó wá ṣàlàyé ara ẹ̀. Ó ń dunni, pàápàá fẹ́ni tó fòógùn ara ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ìwé ló ń gbani níbẹ̀, ìbínú kọ́: tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, ìwé ibi tó máa sùn, lẹ́tà ìsinmi láti ibi iṣẹ́, ìwé báńkì. Kó tẹ gbogbo ẹ̀ sórí bébà, kó má fi sínú fóònù tí bátìrì ẹ̀ lè kú nìkan.

Ibo ló wá yẹ kó lọ? Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Paris ni gbogbo ayé ń dárúkọ, tàbí Róòmù, tàbí Barcelona. Wọ́n dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n yàrá kóńkóló níbẹ̀ ń gbówó gọbọi, àwọn gbéwiri tó ń yọ nǹkan lápò èèyàn ò sì jìnnà síbi táwọn àlejò bá pọ̀ sí. Tó bá sì jẹ́ ààbò nìkan lèèyàn ń wá, Iceland ni ìwé tí wọ́n fi ń wọn àlàáfíà orílẹ̀-èdè, Global Peace Index, ń gbé sípò kìn-ín-ní lọ́dọọdún láti 2008. Àmọ́ ẹ gbówó lọ síbẹ̀ ná kẹ́ ẹ wò ó! Oúnjẹ ọ̀sán kan ṣoṣo níbẹ̀ lè kó owó tó máa bọ́ èèyàn lódidi ọjọ́ kan ní Pólàndì.

Nínú ìwé kan náà lọ́dún 2024, Potogí àti Slovenia wà láàárín mẹ́wàá àkọ́kọ́ lágbàáyé, àwọn méjèèjì ò sì wọ́n bíi Switzerland. Ìwé yẹn dáa, ṣùgbọ́n ogun, ìbọn àti ìwà ọ̀daràn ló ń wọ̀n. Kò sọ bóyá ọkùnrin kan máa tẹ̀ lé obìnrin lójú ọ̀nà tó ṣókùnkùn. Ohun tẹ́ni tó dá rìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ni bó ṣe máa ti pápákọ̀ òfuurufú débi ibùsùn ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé, nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́, tẹ́rù wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí kò sì mọ ọ̀nà.

Tá a bá fojú ìyẹn wò ó, Porto nílẹ̀ Potogí ṣòro bá wí. Reluwé ìgboro wọn ń ti pápákọ̀ òfuurufú wọ àárín ìlú ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò sídìí kó máa bá onítakisí na owó lóru. Ìlú náà ò tóbi, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀ pọ̀ bíi ti Abẹ́òkúta, orúnkún á sì sọ tẹnu ẹ̀ lálẹ́. Ibẹ̀ máa ń rọjú ju Lisbon lọ. Ọgbọ́n kan wà tó yẹ kó mọ̀ lórílẹ̀-èdè náà: tó bá jókòó nílé oúnjẹ, wọ́n lè gbé búrẹ́dì, bọ́tà àti èso ólífì síwájú ẹ̀ láìjẹ́ pé ó béèrè. Ẹ̀bùn kọ́ o! Tó bá ti fọwọ́ kàn án, ó ti wọ owó tó máa san nìyẹn. Kó ní kí wọ́n gbé e kúrò, kò sẹ́ni tó máa bínú. Tó bá sì dé Lisbon, tó fẹ́ wọ tíráàmù 28 tí gbogbo àlejò ń wọ̀, kó gbé báàgì ẹ̀ sí iwájú.

Àwọn Potogí yìí náà ló fún Èkó lórúkọ tó ń jẹ́ Lagos. Ìlú kan ń jẹ́ Lagos lọ́dọ̀ tiwọn náà, létíkun ní gúúsù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti já èèyàn 235 tí wọ́n kó láti Áfíríkà sílẹ̀ lọ́dún 1444, tí wọ́n pín wọn bí ẹran. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀ báyìí lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó jìnnà sí Porto, ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ́jọ́ méjì sí i, tó ti Lisbon lọ, kò ní kábàámọ̀.

Ibi kejì ni Kraków ní Pólàndì. Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà á mọ̀ ọ́n: ibẹ̀ ni John Paul Kejì ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àgbà kó tó di póòpù, òun tó wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1982 àti 1998. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápákọ̀ òfuurufú wọn, reluwé sì ń gbéèyàn débẹ̀ wọ àárín ìlú ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Złoty ni wọ́n ń ná, kì í ṣe yúrò, owó oníyúrò sì máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ níbẹ̀. Búkà kan wà tí wọ́n ń pè ní bar mleczny, tó gbilẹ̀ láyé ìjọba kọ́múnístì káwọn òṣìṣẹ́ lè rí oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú jẹ. Ọ̀pọ̀ ṣì ń tà di bá a ṣe ń wí yìí. Kó tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà, kó ra ọbẹ̀ gbígbóná àti pierogi, ìyẹn ìyẹ̀fun tí wọ́n fi we pòtétò tàbí ẹran tí wọ́n wá bọ̀.

Àmọ́ wọ́n máa wò ó o. Èèyàn dúdú ò pọ̀ níbẹ̀, ọmọdé lè nàka sí i, ọ̀mùtí kan sì lè sọ ìsọkúsọ lálẹ́ Sátidé. Ẹni tó bá ń polówó Pólàndì tó fi èyí pa mọ́ ò ṣeun. Síbẹ̀, àwa náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. August Agboola Browne, tí wọ́n bí l'Ékòó lọ́dún 1895, ń lu ìlù jáàsì ní Warsaw. Wọ́n ní ó wà lára àwọn tó gbé ìbọn nígbà táwọn ará ìlú náà dìde sáwọn ológun Jámánì lọ́dún 1944. Wọ́n gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un ní Warsaw lọ́dún 2019.

Ljubljana, olú ìlú Slovenia, kéré, ó mọ́, mọ́tò ò sì wọ àárín ìlú. Ilé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀wọ̀n ológun tẹ́lẹ̀, Celica lorúkọ ẹ̀, inú yàrá ẹlẹ́wọ̀n gan-an làwọn àlejò ń sùn sí. Tẹ́nì kan bá fẹ́ fowó ara ẹ̀ sùn lẹ́wọ̀n, ó kù sí i lọ́wọ́. Budapest àti Prague náà ò burú, ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra fáwọn tó ń ṣẹ́ owó ní Prague. Bí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, òfin wọn láti 2019 fún un ní wákàtí mẹ́ta láti dá owó náà padà, tí kò bá ti ju 1,000 yúrò lọ. Kó má ju rìsíìtì nù.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn ló ń ba owó jẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ hostel ló ní yàrá tó jẹ́ ti obìnrin nìkan, kódà ọkọ̀ reluwé alẹ́ Nightjet tó ń rìn láàárín Austria àtàwọn orílẹ̀-èdè ìtòsí ní yàrá obìnrin. Kó mú àgádágodo dání fún kọ́bọ́ọ̀dù. Kó má sì torí owó táṣẹ́rẹ́ lọ gba yàrá lẹ́yìn odi. Owó tó rò pé òun jẹ lérè, takisí alẹ́ kan á gbà á padà, tó bá sì ní òun máa fẹsẹ̀ rìn ín, ẹ̀rù á bà á délé. Ọkọ̀ òfuurufú tó máa balẹ̀ lójú mọmọ ni kó wọ̀, kódà kó fi díẹ̀ wọ́n jùyẹn lọ. 112 ni nọ́ńbà tí wọ́n ń pè fún pàjáwìrì ní gbogbo ìlú tá a dárúkọ yìí.

Ó wá ku físà. Schengen kan ṣoṣo ló ń wọ gbogbo wọn, Britain ò sí nínú ẹ̀. Owó ẹ̀ ti di 90 yúrò látoṣù kẹfà ọdún 2024, wọn kì í sì í dá a padà bí wọn ò bá fún un. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé adójútòfò ìrìn-àjò tó máa gbé ìtọ́jú tó tó 30,000 yúrò. Kó má gba ìmọ̀ràn àwọn tó ń sọ pé ẹ́ḿbásì kan rọrùn, kó gba físà níbẹ̀ kó sì forí lé ibòmíì. Orílẹ̀-èdè tó ti máa lo ọjọ́ tó pọ̀ jù ló gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí. Láti oṣù mẹ́fà sígbà ìrìn-àjò ni wọ́n ti ń gbàwé, kò sì gbọ́dọ̀ ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oṣù karùn-ún àti oṣù kẹsàn-án ló dáa jù, tóòrùn ń ràn tówó yàrá ò sì tíì gòkè bíi ti oṣù keje. Ẹni tó bá fẹ́ lọ lóṣù karùn-ún, kó ti wà lórí ìlà ẹ́ḿbásì kí Kérésìmesì tó dé.