Sẹ̀mẹ́sítà Kìíní Kì Í Ṣe Ìdánrawò

Lọ́dọọdún ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń wọ ilẹ̀ Rẹ́mọ pẹ̀lú àpótí, ibùsùn àti garawa, láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn kan ń lọ sí Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn. Àwọn kan ń lọ sí Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ wà ní Ṣàgámù. Àwọn mìíràn sì forí lé Pọlitẹ́kíníìkì Gateway ní Ṣàápadé. Inú àwọn òbí a máa dùn, àdúrà a sì máa rọ̀ bí òjò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ tí ó gbé ọmọ dé bá ti yí padà, ọ̀rọ̀ pàtàkì kan wà tí a kì í sábà rántí sọ fún un: pé iṣẹ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ti wà nínú ìṣirò oyè tí yóò gbà.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àbúrò wa ni ó rò pé sẹ̀mẹ́sítà kìíní wà fún mímọ àyíká àti yíyan ọ̀rẹ́, pé ìwé yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ara bá ti wálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wo ọ̀ràn yìí. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ yunifásítì wa, máàkì 70 sókè ni A, A sì jẹ́ oókan 5. B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2. Ẹni tí àròpọ̀ tirẹ̀, èyí tí a ń pè ní CGPA, bá tó 4.50 ni ó gba oyè ìpele kìíní. Ẹni tí ó bá tó 3.50 ni ó gba ìpele kejì ti òkè. Ẹ̀kọ́ ọdún 4 jẹ́ sẹ̀mẹ́sítà 8. Bí ọmọ kan bá gba 2.00 ní sẹ̀mẹ́sítà kìíní, tí iye kọ́ọ̀sì rẹ̀ sì dọ́gba jálẹ̀, yóò ní láti máa gba 3.71 nínú gbogbo 7 tí ó kù kí ó tó lè dé 3.50. Bí ó bá jẹ́ ìpele kìíní ni ó ń lépa, àfi kí ó máa gba 4.86 láìsinmi. Ohun tí a fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ bà jẹ́, ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni a ó fi tún un ṣe.

Ti pọlitẹ́kíníìkì tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọdún 2 ni a fi ń gba ìwé-ẹ̀rí ND. Ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo iṣẹ́ náà ni sẹ̀mẹ́sítà kìíní. Ní ti àwọn tí ń kọ́ ìṣègùn, a kì í pín oyè wọn sí ìpele, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá yege nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ọdún kìíní kò ní dé ìdí iṣẹ́ ìṣègùn rárá.

Kí wá ni ó ń mú ọmọ tí ó gbọ́n nílé kọsẹ̀ lọ́hùn-ún? Kì í ṣe àìgbọ́n; òmìnira tí kò mọ̀ ọ́n lò ni. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, agogo ni ó ń jí i, agogo ni ó ń darí rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ìyá rẹ̀ sì ń béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá. Ní yunifásítì, yúníìtì kan jẹ́ wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15. Ọmọ tí ó forúkọ sílẹ̀ fún yúníìtì 20 yóò wò ó pé wákàtí 20 péré ni òun ní í jókòó sí kíláàsì lọ́sẹ̀, yóò sì pe ìyókù ní ìgbà eré. Àṣìṣe ńlá ni. Wákàtí tí kò sí olùkọ́ lójú wọ̀nyẹn ni a fi sílẹ̀ fún un láti ka ohun tí olùkọ́ sọ, kí ó sì wá èyí tí olùkọ́ kò sọ.

Ìgbà kan wà tí ojú tó gbogbo ọmọ. Nígbà tí Adventist College of West Africa bẹ̀rẹ̀ ní Ìlíṣàn ní oṣù September 1959, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó di Yunifásítì Babcock ní 1999, akẹ́kọ̀ọ́ 7 péré ni ó ní. Bí ẹnì kan nínú méje bá sùn gbàgbé, àga rẹ̀ yóò jẹ́rìí sí i. Lónìí, nínú àwọn kọ́ọ̀sì tí gbogbo ọmọ ọdún kìíní ń ṣe pọ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lè wà nínú gbọ̀ngàn kan. Ẹni tí kò wá, ta ni yóò bi í?

Àwọn tí ń ṣòwò obì gbànja ní Ṣàgámù mọ ohun tí a ń sọ. Wọn kì í di obì sínú agbọ̀n kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Wọn a ṣà á, wọn a fi ewé bò ó, wọn a sì máa tú u wò nígbà dé ìgbà, nítorí pé kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Bí wọ́n bá tètè rí ọ̀kan, wọn a yọ ọ́ sọnù. Bí wọ́n bá dúró di ọjọ́ ọjà, agbọ̀n odidi ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ́ọ̀sì tí kò yé ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Bí ó bá béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà, ìṣòro kékeré ni. Bí ó bá pa á mọ́ra di àkókò ìdánwò, yóò di èyí tí a ń gbé ru láti ọdún dé ọdún.

Nítorí náà, ẹ̀yin àbúrò wa, ẹ tètè parí ìforúkọsílẹ̀. Ẹ kọ ìlànà àkókò yín sára ògiri, kí ẹ sì ka iṣẹ́ òòjọ́ ní òòjọ́. Ẹ má fi ojú tín-ín-rín wo àwọn ìdánwò kéékèèké inú sẹ̀mẹ́sítà: 30 tàbí 40 nínú 100 máàkì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í jẹ́ kí ẹni tí kò wá sí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ jókòó ṣe ìdánwò. Ní ti àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ẹ wo ìtàn Ṣàgámù fúnra rẹ̀. Ìlú 13 ni ó kó wá gbé pọ̀ níbẹ̀ ní 1872. Síbẹ̀ Mákùn kò di Ọ̀fin, Ọ̀fin kò sì di Mákùn. A lè bá ẹgbẹ́ gbé ní ìrẹ́pọ̀, kí a má sì bá a sùn nígbà tí ó yẹ kí a kàwé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá pẹ́ ń mú kí ìforúkọsílẹ̀ pẹ́, ọmọ a sì pàdánù ìdánwò tí kò mọ̀wọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Bí agbára kò bá gbé e, ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí òfin ọdún 2024 dá sílẹ̀ wà fún àwọn tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba; ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń san owó náà fún tààrà. Ẹ má sì máa pe ọmọ wálé fún gbogbo ìnáwó ẹbí. Aṣọ ẹbí tí kò wọ̀ lónìí, yóò wọ òmíràn lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde.

Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944. Ilé níhìn-ín ni ó ti kàwé rẹ̀, láàárín iṣẹ́ òòjọ́. Kò sí agogo tí ń lù ú jí, kò sì sí olùkọ́ tí ń pe orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ń wọ ilẹ̀ Rẹ́mọ lónìí ní olùkọ́, wọ́n ní ibi ìkàwé, wọ́n sì ní ẹgbẹ́. Ohun tí ó kù ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní.