"Ẹ Fi Orúkọ Bò Mí": Ìwé Ìlàlóye fún Ẹni Tó Ń Béèrè Ọ̀rọ̀ Àìsàn Lórí Fóònù

Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Òjé, Bẹẹrẹ àti Màpó n'Ìbàdàn ló ń kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ àìsàn wọn lọ sórí WhatsApp tàbí Facebook kí wọ́n tó gbé e wá sílé ìwòsàn wa. A ò ní kí ẹ má béèrè. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó ṣòro láti sọ lójú nọ́ọ̀sì tó lè jẹ́ ará ilé ẹni. Alábòójútó ẹgbẹ́ á bá èèyàn gbé e síta, á kọ "hide my ID" sí i lórí, ọkàn oníbèéèrè á sì balẹ̀. Lóòótọ́, orúkọ ò sí níbẹ̀, àmọ́ gbogbo ìyókù ló wà níbẹ̀.

Ẹ wo lẹ́tà yìí. Àwa la fọwọ́ ara wa kọ ọ́, kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ bò mí. Ọmọ ọdún 34 ni mí, òfì ni mò ń tà ní Òjé. Látìgbà tí mo ti bí Ìdòwú lóṣù kẹta ni nǹkan ti ń dà lójú ara mi. Kútọnu ni bàálé mi wà, ó di Iléyá kó tó wálé. Ìyá ọkọ mi ò gbọdọ̀ gbọ́."

Àwọn tó ń ta òfì pọ̀, pàápàá lọ́jọ́ ọjà tí àwọn ará Ìsẹ́yìn bá kó ẹrù dé. Ìyẹn nìkan ò lè tú ẹnikẹ́ni fó. Àmọ́ ọmọ tó bá tẹ̀ lé ìbejì là ń pè ní Ìdòwú, ó ti sọ fún wa pé ìyá ìbejì lòun. Ìyá ìbejì mélòó ló ń ta òfì, tó sì bímọ lóṣù kẹta? Bí a bá tún fi ọkọ tó wà ní Kútọnu kún un, ẹnì kan ṣoṣo ló kù. Ìyá ọkọ tí kò gbọdọ̀ gbọ́ yẹn gan-an ló máa kọ́kọ́ mọ̀, torí òun ló gbé ọmọ náà lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí gómìnà rí. Ní nǹkan bí ọdún 1997, ìpínlẹ̀ Massachusetts lÁmẹ́ríkà yọ orúkọ kúrò nínú àkọsílẹ̀ ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì kó ìyókù fún àwọn olùṣèwádìí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Latanya Sweeney, fi 20 dọ́là ra ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú Cambridge, ó sì gbé méjèèjì síra. Èèyàn mẹ́fà nínú ìwé náà, Gómìnà William Weld pẹ̀lú, ni ọjọ́ ìbí wọn bára mu. Mẹ́ta nínú wọn ni ọkùnrin. Weld nìkan ló ń gbé ní àdúgbò tí àkọsílẹ̀ náà dárúkọ. Bó ṣe rí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú gómìnà nìyẹn. Ní ọdún 2000, Sweeney ṣírò pé ọjọ́ ìbí, akọ-n-bábo àti nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò nìkan tó láti dá èèyàn 87 nínú 100 mọ̀ lórílẹ̀-èdè náà. Ìlú tí aládùúgbò ò ti mọ ẹni tó ń gbé lókè rẹ̀ nìyẹn o. Ní Òjé, ta ló tún máa fi owó ra ìwé?

Nọ́ńbà fóònù yín

Èyí ni kì í wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ lè pe ara yín ní "Queen" tàbí "Ọmọ Mesìogo" lórí WhatsApp, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ṣì lè rí nọ́ńbà yín. OPay àti PalmPay sì máa ń fi nọ́ńbà fóònù, láìsí òdo iwájú rẹ̀, ṣe nọ́ńbà àkáǹtì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ yín á kàn ṣe bí ẹni tó fẹ́ fowó ránṣẹ́: bó bá ti tẹ nọ́ńbà náà tán, orúkọ yín á yọ sójú fóònù, àtorúkọ bàbá yín. Kò ní fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́. Bí orúkọ bàbá bá sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn tàbí Ọ̀jẹ̀, irú ìdílé tí ẹ ti wá ti hàn.

Ní ti ohùn, ẹ má fi voice note béèrè ohun tí ẹ bá fẹ́ fi pamọ́ rárá. Bí ẹ bá sì ya àwòrán èsì àyẹ̀wò, orúkọ nìkan kọ́ ni kí ẹ mú kúrò: nọ́ńbà káàdì, orúkọ ilé ìwòsàn àti ọjọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ gé apá ibẹ̀ dànù. Ẹ má fi ìlà kùn ún, torí nígbà mìíràn, ẹni tó bá tan ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà sí i á rí ohun tó wà nísàlẹ̀ ìlà.

Ohun tí dókítà nílò

Lẹ́tà wa lẹ́ẹ̀kan sí i: "Mi ò tíì pé ogójì ọdún. Mo bímọ lọ́dún yìí, mo ṣì ń fún un lọ́mú. Nǹkan funfun ń dà lójú ara mi, ó ń yún mi, kò rùn, mi ò ní ibà." Èyí wúlò fún dókítà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òfì àti Kútọnu ò wo àìsàn. Ẹ má ṣe tìtorí àtifara pamọ́ parọ́ nípa àmì àìsàn tàbí oògùn tí ẹ ń lò, torí ìmọ̀ràn tí kò bá yín mu lẹ máa gbà.

Òfin wà lẹ́yìn yín. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 kò gba ilé ìwòsàn láàyè láti tú ọ̀rọ̀ aláìsàn síta bó ṣe wù ú. Òfin ààbò détà ti 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra jù. Òfin ò kàn lè pa screenshot rẹ́ lórí fóònù ẹlòmíràn ni.

Bí ọ̀rọ̀ yín bá ti jáde, ẹ tètè pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn. WhatsApp ń gba ẹni tó fi í ránṣẹ́ láàyè fún ọjọ́ méjì àti díẹ̀, alábòójútó ẹgbẹ́ náà sì lè pa á rẹ́. Bí ibà, ẹ̀jẹ̀ tàbí inú rírun líle bá wà nínú ohun tó ń ṣe yín, ẹ fi fóònù sílẹ̀, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bó bá jẹ́ pé ará agboolé yín ni nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ní ẹ fẹ́ rí ẹlòmíràn. A ò ní bi yín nídìí rẹ̀.